Kí Ẹ Tó Gun Òkè Ìdànrè: Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Ní Ọjọ́ Kan Péré

Bí ọlidé bá ti ń sún mọ́lé báyìí, ìbáà ṣe ti Àjíǹde, ti Iléyá tàbí ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ akọrin, àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ níbì kan náà àti àwọn ọmọléèwé á bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó ọkọ̀ láti lọ sí Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ kú ìmúra o. Ibi tó yẹ ní lílọ ni. Láti ọdún 2007 ni orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí UNESCO, pé kí wọ́n wò ó bóyá ó tó ohun à á kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni irú ètò tí ọ̀pọ̀ ń ṣe. Owó ọkọ̀ ti pé, àǹkóò tí wọ́n máa fi ya fọ́tò ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, kúlà ohun mímu ti délẹ̀, wọ́n sì ti yá ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi gbọ́ orin. Bí ẹ bá wá béèrè pé, "Aago mélòó lẹ fẹ́ yí padà lórí òkè?" wọ́n á máa wo ara wọn lójú.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dáhùn kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Púpọ̀ nínú wàhálà tó ń bá arìnrìn-àjò ọjọ́ kan lórí òkè kò ṣẹ̀yìn pé ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì fẹ́ padà nígbà tó yẹ kó padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀nà ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó. Nǹkan bí kìlómítà 300 ni Èkó sí Àkúrẹ́, Ìdànrè sì tún kù níwájú, bíi kìlómítà 20 sí 25. Wọ́n ní ọkọ̀ á gbéra ní aago 6 àárọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n: ẹnì kan á ní òun ti wà lójú ọ̀nà, nígbà tó jẹ́ pé inú balùwẹ̀ ló wà. Aago 7 á ti kọjá kí wọ́n tó kúrò ní Berger, ní Èkó. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ń bẹ, ọ̀nà tó bàjẹ́ ń bẹ, àwọn kan fẹ́ ra búrẹ́dì, àwọn kan fẹ́ tọ̀. Bí wọ́n bá fi máa dé ẹsẹ̀ òkè, aago 1 ọ̀sán ti lù, bí kò bá tiẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jẹun, wọ́n á gba tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ya fọ́tò ní géètì. Aago 2 ni wọ́n tó máa gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, nígbà tí oòrùn ti fi gbogbo òwúrọ̀ yan àpáta. Ní agbègbè yẹn, láàárín aago 6:15 sí aago 7 ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn máa ń wọ̀ yípo ọdún, ilẹ̀ kì í sì í pẹ́ ṣú lẹ́yìn náà. Kò tó ìdajì wákàtí tí ojú fi ń ṣókùnkùn. Ẹ wá wo aago 2 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹ ó rí i pé kò sí àyè kankan fún òjò, fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, tàbí fún ọmọ tí wọn ò rí mọ́ láàárín èrò.

Ká tiẹ̀ ní gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, òru ni wọ́n máa rìn padà. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: àwọn ajínigbé ti da àwọn ọ̀nà ìhà ibẹ̀ láàmú láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ara ìdí tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá fi dá ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020 nìyẹn. Kò sí fọ́tò tó dára tó ohun tí à ń torí rẹ̀ la àárín igbó kọjá ní aago 10 alẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bọ̀ láti Èkó, láti Ìbàdàn tàbí ibi tó jìn jù bẹ́ẹ̀, kó lọ sùn sí Àkúrẹ́ tàbí Ìdànrè fúnra rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ẹni mẹ́ta bá pín yàrá kan ní ilé ìtura, owó tó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lè má tó owó àǹkóò. Ẹ fi àǹkóò sílẹ̀.

Ẹni tó bá sun ìtòsí lè wà ní géètì nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i, kí afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ṣì máa fẹ́. Ẹ fi fóònù béèrè ìgbà tí wọ́n ń ṣí àti iye tí wọ́n ń gbà, nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan san lésìí kì í sábà jẹ́ iye tí ẹ máa bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo yín fẹnu kò lórí aago tí ẹ máa kọjú sí ìsàlẹ̀. Ní tèmi, aago 12 ọ̀sán ló dára jù. Ibi yòówù tí ẹ bá dé nígbà náà, ìbáà ku díẹ̀ kí ẹ rí ohun tí ẹ ń wá lọ, ẹ padà. Orí òkè kì í ṣe ibi tí à ń ṣe ìpàdé lórí bóyá ká padà tàbí ká má padà. Àwọn tí ara wọn le ló máa ń borí nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, àwọn tí kò lè mí dáadáa mọ́ á dákẹ́.

Ní ti àtẹ̀gùn, ó lé ní 600. Àwọn kan ní 667 ni, àwọn mìíràn ní 682. Mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn, nítorí kò sí ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ tí òǹkà rẹ̀ ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà. Ẹ lo gbogbo wọn, pàápàá àwọn tó rò pé àwọn kò nílò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi àtẹ̀gùn náà sáré ìje ni wọ́n sábà máa ń jókòó sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ẹni tó bá rọra ń gùn, tó ń sinmi níbi tó yẹ, á dé orí rẹ̀ láàárín wákàtí kan, ara rẹ̀ á sì ṣì mókun.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń hó yèè, tí wọ́n á rò pé ó ti parí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìlú àtijọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ wá kò sí ní orí àtẹ̀gùn. Ó ṣì wà níwájú, láàárín àwọn àpáta ńláńlá, níbi tí àwọn ará Ìdànrè gbé láti ìrandíran kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ilé ẹjọ́ àtijọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n, ilé ìwé tí wọ́n ní ó ti wà láti 1896, àti ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, wà níbẹ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ rí ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn lára àpáta, omi tí wọ́n ń pè ní Omi Àpáàrá, tàbí àkọsílẹ̀ ara àpáta tí wọ́n ní kò sí ẹni tó lè kà á, ó ṣì ní ìrìn láti rìn. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ kò rí bí àtẹ̀gùn: àpáta tó dà gẹ̀rẹ́ ń bẹ, igbó ń bẹ, òkúta wẹ́wẹ́ tó ń yí lábẹ́ bàtà ń bẹ. Ẹ pinnu nílé ohun tí ẹ fẹ́ rí. Ìlú àtijọ́ àti ààfin nìkan tó ọjọ́ kan fún ẹni tó bá mú ọmọdé tàbí àgbàlagbà dání. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ pátá lọ́jọ́ kan, òógùn rẹ̀ nìkan ló máa rántí.

Ẹ má lọ láìní afinimọ̀nà. Àwọn tó dàgbà sí ìlú yẹn mọ ibi tí ojú ọ̀nà ti pín, wọ́n mọ àpáta tó ń yọ̀ àti èyí tí kì í yọ̀, wọ́n sì mọ ibi tí àlejò kò gbọdọ̀ tẹ̀. Ẹ bá wọn dúnàá-dúrà kí ẹ tó gbéra, kí ó yé tọ̀tún-tòsì ibi tí ìrìn máa dé àti iye tí ẹ máa san. Ẹ sì sọ aago tí ẹ fẹ́ padà fún wọn níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ ogójì, afinimọ̀nà kan kò tó: ọ̀kan á ṣáájú, ọ̀kan á wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ jù. Olórí ẹgbẹ́ kó máa ka èèyàn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àtẹ̀gùn, ní orí rẹ̀, ní ààfin, àti kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Omi ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Òkúta akọ ni gbogbo òkè yẹn, kò ní ìbòòji púpọ̀ bí ẹ bá ti kúrò lábẹ́ igi. Tó bá di ọ̀sán, ooru ń bọ̀ láti òkè, ooru ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, èèyàn á dà bí gààrí nínú agbada. Àgbàlagbà tó bá máa rìn níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún nílò nǹkan bíi lítà 3 omi. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, mẹ́fà nìyẹn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe mẹ́fà fún tọkọtaya. Ó wúwo, mo mọ̀. Kìlógíráàmù mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n ẹrù tó ń fúyẹ́ bí ọ̀nà ti ń jìn ni. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ kí òǹgbẹ tó gbẹ yín. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá ti pọ́n dòdò kò mu tó. Ẹ má fi mínírà tàbí bíà rọ́pò rẹ̀. Ọtí lórí àpáta burú ní ọ̀nà méjì: ó ń mú kí ara pàdánù omi, ó sì ń mú kí ọ̀gbun dà bí ohun tí kò jìn. Omi tó bá dúró nínú kòtò àpáta, ẹ má fi ẹnu kàn án bó ti wù kó mọ́ gaara tó. Ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹyin sísè àti búrẹ́dì tó oúnjẹ. Ìyán, ẹ jẹ ẹ́ bí ẹ bá padà dé ìsàlẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà mọ́, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ "fara dà á, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé". Ẹ gbé e sí ìbòòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bó bá mọ ara rẹ̀ dáadáa, ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá mọ ara rẹ̀, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu. Ẹ wá ọ̀nà àtigbé e dé ilé ìwòsàn kíákíá. Nọ́ńbà pàjáwìrì tí à ń pè káàkiri Nàìjíríà ni 112. Ẹ tọ́jú iná fóònù dè é. Ẹni tó fi gbogbo òwúrọ̀ ya fídíò kì í ní iná mọ́ lọ́sàn-án.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, ásímà tàbí tó lóyún lọ rí dókítà ṣáájú, kó sì sọ ọ́ fún olórí ẹgbẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó ní ásímà kó fi ohun tó ń fà símú sínú àpò ara rẹ̀, kì í ṣe nínú báàgì tó wà nínú ọkọ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS. Àárẹ̀ àṣejù àti àìmu omi tó wà lára ohun tó ń dá ìrora wọn sílẹ̀, òkè yìí sì ń fúnni ní méjèèjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ kí ojúgbà wọn mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọléèwé lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí, kí ẹ jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá yín gbádùn ẹsẹ̀ òkè láìsí ìtìjú.

Bàtà kò gba àlàyé púpọ̀. Kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ, tí wọ́n so okùn rẹ̀ dáadáa. Sílípáàsì kò dára, bàtà gogoro kò dára, kánfáàsì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lánàá á bó ẹsẹ̀. Sísọ̀ kalẹ̀ sì ni ibi tí ẹ ó ti mọ iyì bàtà. Nígbà gígùn, èémí ló ń dún; nígbà sísọ̀, orúnkún ni. Ẹsẹ̀ ti rẹ̀, ó ti ń gbọ̀n, ọkàn ti wà nínú ọkọ̀, àwọn ọmọdé sì fẹ́ máa sáré sọ̀. Ẹ di ọmọdé lọ́wọ́ mú, ẹ sì má ka fóònù lórí àtẹ̀gùn.

Ní ti àsìkò, láti November sí February ni ilẹ̀ àti àpáta gbẹ jù. Ọyẹ́ lè bo gbogbo ojú ọ̀run, kí ẹ má rí ìlú ìsàlẹ̀ bí ẹ ti rò. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀, ó sàn ju kí àpáta yọ̀ yín lẹ́sẹ̀. Koríko ìgbà náà gbẹ fúrúfúrú, sìgá kan ṣoṣo tó sí i láti jóná, nítorí náà ẹ má mu ún níbẹ̀. Láàárín òjò, ewé tútù àti omi tó ń ṣàn lára òkúta máa ń dára lójú, ṣùgbọ́n òkúta tí òjò pa, tí èbìbu ti hù sí, kò mọ ẹni tó wọ kánfáàsì olówó ńlá. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ní March àti April, àti ìparí rẹ̀ ní October, ni ààrá máa ń sán jù, lọ́sàn-án sí ìrọ̀lẹ́ sì ni. Ìdí mìíràn tí aago 12 fi dára nìyẹn. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí ààrá bá sán kí ẹ tó ka 30, ó ti sún mọ́ yín jù. Ẹ kúrò ní ibi tó ga tó sì tẹ́jú, ẹ má sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo, ẹ túká díẹ̀ síra yín, kí ẹ sì dúró títí ìdajì wákàtí á fi kọjá lẹ́yìn ààrá tó sán kẹ́yìn.

Àwọn tó bá tún fẹ́ kọjá sí omi tó ń já láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìyẹn Olúmirin, ẹ má so ó pọ̀ mọ́ Ìdànrè lọ́jọ́ kan náà. Ìpele méje ló ní, ìkìlọ̀ tirẹ̀ sì yàtọ̀: òjò lè máa rọ̀ lókè réré kí oòrùn ṣì máa ràn lórí yín, kí omi sì ya dé lójijì. Bí omi bá ti ń yí àwọ̀ padà tàbí tó ń pọ̀ sí i, ẹ jáde.

Ejò máa ń yá oòrùn lórí òkúta. Ẹ máa wo ibi tí ẹ fẹ́ tẹ̀ àti ibi tí ẹ fẹ́ fi ọwọ́ dì mú, ẹ má ki ọwọ́ bọ ihò àpáta. Bí ó bá bu ẹnì kan ṣán, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fa oró, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kó tó wú, ẹ má jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ náà rìn bí ẹ bá lè gbé e, kí ẹ sì wá ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò. Ẹ má pẹ́ ní wíwá ejò náà láti pa. Oyin náà máa ń fi pàlàpálá àpáta ṣe ilé. Bí ariwo orin yín bá rú wọn sókè, ẹ bo ojú, ẹ sá jìnnà, ẹ má máa fọwọ́ lù wọ́n. Mo rò pé ẹ lè fi ẹ̀rọ orin yẹn sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Òkè Ìdànrè kì í ṣe ahoro. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣì ń gùn ún fún ọdún ìbílẹ̀ wọn, bíi ọdún Orósùn, àwọn ojúbọ kan sì wà tí kì í ṣe ti àlejò. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ bọ́ sí àsìkò orò. Bí wọ́n bá ní ẹ má ya fọ́tò níbì kan, ẹ gbé fóònù sápò, kódà bí ẹ kò bá gba ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ẹ má kọ orúkọ ẹ̀yin àti olólùfẹ́ yín sára ògiri ààfin. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́fà tí ẹ gbé lọ, mẹ́fà ni kí ẹ gbé sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò, ẹ fi orúkọ gbogbo ẹni tó ń lọ, nọ́ńbà ọkọ̀ àti aago tí ẹ máa padà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan nílé, kó lè mọ ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn. Bí ọkọ̀ bá sì já yín kulẹ̀, tí ẹ dé ẹsẹ̀ òkè lẹ́yìn aago 1 ọ̀sán, mo bẹ̀ yín, ẹ má gùn ún dókè lọ́jọ́ náà. Ẹ gùn dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́, ẹ ya fọ́tò yín, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.